Nítorí Ọ̀bẹ Àpò Tí O Ní O Fẹ́ Rà

Ìkọ̀lé-Èkìtì,
Lọ́sàn-án Ọjọ́ Ìsinmi.

Mojísọ́lá, Àbẹ̀kẹ́ mi, ọmọ tí mo pọ̀n gba àárín màlúù ọjà ẹran Oko Ọba kọjá tí ìwo kankan kò kàn lára,

Mo kí ọ. Ara wa le. Bàbá rẹ ń tòògbé lórí àga, ìyá àgbà sì jẹun lónìí, àfi pé wọ́n bínú sí mi pé iyọ̀ ọbẹ̀ kò tó. Nítorí náà, má ṣe rò pé ẹnì kan ló kú tí mo fi jókòó kọ lẹ́tà gígùn. Ọ̀rọ̀ ìwọ fúnra rẹ ni mo fẹ́ sọ.

Lọ́jọ́ tí o pè wá lórí fóònù olùkọ́ àdúgbò wa, o ní iṣẹ́ tuntun náà dára. O ní wọ́n fi ọ́ sí ilé ìkẹ́rùsí ní ilé iṣẹ́ òògùn yẹn ní Ìkẹjà, o sì ní yàrá tí o gbà ní Ọgbà kì í jò. Inú mi ń dùn, mo ń jó lórí ìdúró. Àfi bí o ṣe wá sọ ọ́ bí ẹni ń sọ̀rọ̀ búrẹ́dì: "Màámi, mo fẹ́ ra ọ̀bẹ kékeré kan, èyí tó máa ń ká bọ́ sínú èkù ara rẹ̀, tí màá máa fi sápò lójoojúmọ́. Ẹ̀yin lẹ mọ ọ̀bẹ. Irú èwo ni kí n rà?"

Mo ní, "Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

Fóònù pa. Káàdì rẹ ti tán. Olùkọ́ na ọwọ́, ó gba fóònù rẹ̀, mo sì dúró síbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n já òkèlè gbà lẹ́nu rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni ìbéèrè yẹn kò ti kúrò lọ́kàn mi. Kí lo fẹ́ fi ṣe? Bí ó bá jẹ́ páálí lo fẹ́ máa fi ṣí, ó dáa, ohun ayọ̀ ni. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀rù ọ̀nà ló ń bà ọ́, láti ibi tí bọ́ọ̀sì ti ń já ọ sílẹ̀ títí dé ilé rẹ lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn. Bàbá rẹ ní mo tún ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní ọmọ béèrè ọ̀bẹ, èmi ti ń gbọ́ ariwo ọlọ́ṣà láti Èkìtì. Kí wọ́n máa wí. Ẹni tó bí ọmọ sí Èkó, tó wá fi í sílẹ̀ níbẹ̀ bọ̀ wálé, kò lè sun oorun àsùnwọra.

Ìdí nìyí tí mo fi ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí n sì kọ ọ́ kó kún. Adéwálé awakọ̀ tó ń kó iṣu lọ sí Agége ni yóò mú un wá. Ó ti ṣèlérí pé òun yóò dúró gba èsì lọ́wọ́ rẹ. Jọ̀wọ́, má jẹ́ kó padà wá lọ́wọ́ òfo.

Jẹ́ ká kọ́kọ́ gbà pé iṣẹ́ lo fẹ́ fi ọ̀bẹ náà ṣe.

Èkíní, má ra ọ̀bẹ nítorí pé ó ń dán. O mọ ìka bàbá rẹ. Inú ilé wa lo ti bá ìka yẹn, ṣùgbọ́n o kò sí níbẹ̀ nígbà tó ṣẹlẹ̀. Ilé iṣẹ́ ìjọba ní Aláúsá ni wọ́n wà nígbà náà, ọ̀gá wọn ní kí wọ́n máa bójú tó páálí ìwé àti yíǹkì ní ọ́fíìsì. Ni bàbá rẹ bá lọ ra ọ̀bẹ àpò kan lọ́wọ́ ọmọ tó ń kiri ọjà. Ó ń dán, wọ́n ya àwòrán ẹṣin sí èkù rẹ̀. Mo gbà á lọ́wọ́ wọn, mo ṣí i, mo tì í díẹ̀, ó pa dé. Mo ní, "Olówó orí mi, ọ̀bẹ yìí kò ní ohun tó dì í mú o." Wọ́n rẹ́rìn-ín sí mi. Wọ́n ní, "Ìwọ lo mọ ọ̀bẹ màlúù. Ọ̀bẹ ọ́fíìsì nìyí."

Ọ̀bẹ ọ́fíìsì kò tíì lo ọ̀sẹ̀ kan nílé tí wọ́n fi imú rẹ̀ gún páálí. Páálí le, imú ọ̀bẹ kò wọlé, ọ̀bẹ sì ká padà sórí ìka ìlábẹ̀ wọn. Ojú ọgbẹ́ jinná, ṣùgbọ́n ìka náà kọ̀ kò ká mọ́ títí di òní. Ẹnikẹ́ni tí bàbá rẹ bá juwọ́ sí, onítọ̀hún á rò pé wọ́n ń nàka sí òun ni. O rántí ọjọ́ tí wọ́n gbọ́wọ́ sókè ní ṣọ́ọ̀ṣì láti lé eṣinṣin, tí pásítọ̀ ní, "Bàbá wa fẹ́ jẹ́rìí, ẹ jẹ́ kí wọ́n bọ́ síwájú." Wọ́n kúkú bọ́ síwájú, wọ́n ní Ọlọ́run dá ìka yòókù sí. Gbogbo ìjọ ní Halelúyà.

Ó pa wá lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ìka ìwọ ni mi ò fẹ́ kó pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín. Nítorí náà, ọ̀bẹ tó ní lọ́ọ̀kì ni kí o rà. Bí o bá ṣí i tán, kí o gbọ́ kó dún "kà," kó sì dúró gbọn-in. Lẹ́yìn náà, fi ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ orí tábìlì ẹni tó ń tà á. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo wí o, kì í ṣe ẹnu rẹ̀. Kó ìka rẹ kúrò lójú ibi tí yóò pa dé sí, kí o sì tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá fẹ́ ká, dá a padà fún un kí o máa lọ, ì báà jẹ́ ọ̀fẹ́ ló fẹ́ fi í ta ọ́ lọ́rẹ. Bí kò bá sì jẹ́ kí o dán an wò, máa lọ bákan náà. Ìsọ̀ àwọn tó ń ta irinṣẹ́ ní Agége ni kí o lọ, kì í ṣe ọ̀dọ̀ ẹni tó ń sá tẹ̀lé ọkọ̀.

Èkejì, kí ó fúyẹ́. Mo mọ̀ ọ́, ọmọ mi. Ohun tó bá wúwo kì í pẹ́ lára rẹ kí o tó fi í sílé. Ìbòrí tí mo rà fún ọ nígbà tí o wà nílé ìwé, o ní ó ń tẹ̀ ọ́ lórí mọ́lẹ̀. Ọ̀bẹ tó wúwo á máa fa àpò aṣọ iṣẹ́ rẹ nílẹ̀, á sì máa gbá ọ ní itan. Kí ẹnu rẹ̀ má gùn ju ìka àárín rẹ lọ. Awọ páálí kò nípọn. Bí ọ̀bẹ bá gùn, á kọjá páálí lọ bá ìgò òògùn tó wà nínú rẹ̀, ọ̀gá rẹ á sì máa wá ẹni tó ṣe é.

Kí èkù rẹ̀ má yọ̀. Àwa tí a gbé ọwọ́ sínú ọ̀rá ṣàkì láti kékeré, a mọ̀ pé èkù tó dán ni ọ̀tá wa. Kí o tó sanwó, fi omi rin ọwọ́ rẹ, kí o wá dì í mú. Kí àtàńpàkò kan ṣoṣo lè ṣí i, nítorí ọwọ́ kejì á ti di páálí mú. Ṣùgbọ́n má ra èyí tí wọ́n ń tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ tí yóò fò jáde. Àwọn jàǹdùkú ló ń lo ìyẹn. Má ra aláwọ̀ dúdú tó ní eyín bí ayùn pẹ̀lú. Kí ọ̀bẹ rẹ rí bí irinṣẹ́ lójú ẹni tí kò mọ̀ ọ́.

Páálí ń jẹ ẹnu ọ̀bẹ ju ẹran lọ, má jẹ́ kó yà ọ́ lẹ́nu. Máa pọ́n ọn nígbà gbogbo, nítorí ọ̀bẹ tí kò mú ló ń gé ènìyàn. Ẹni tó bá ń lo èyí tó mú kò ní fi agbára tì í. Òkúta ìpọ́nbẹ kékeré kan àti omi díẹ̀ ti tó. Má gbé e fún àwọn Mọ́là tó ń gbé ẹ̀rọ ìpọ́nbẹ kiri àdúgbò. Ọ̀bẹ ńlá tèmi ni wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe. Bí wọ́n bá fọwọ́ kan ti kékeré yẹn, bí igi ìtayín ni yóò ṣe padà dé ọ̀dọ̀ rẹ.

Bí o bá ń gé nǹkan, ibi tí ẹnu ọ̀bẹ dojú kọ, kí ara rẹ má wà níbẹ̀. Bí ẹnì kan bá tọrọ rẹ̀, pa á dé kí o tó nà án sí i. Bí ó bá já bọ́ lọ́wọ́ rẹ, jọ̀wọ́, jẹ́ kó máa bọ̀ nílẹ̀. O rí wa ní Oko Ọba, bí ọ̀bẹ bá ti já bọ́, gbogbo wa, àtọmọdé àtàgbà, a ó ká ọwọ́ sókè, a ó fò sẹ́yìn. Ẹni tó bá na ọwọ́ láti hán an, a ti mọ̀ pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni.

Ẹ̀kẹta, àbí ẹ̀kẹrin ni, mi ò mọ ibi tí mo kà á dé mọ́. Ọ̀bẹ gbọ́dọ̀ ní ẹlẹ́rìí. Ọ̀rọ̀ yìí ni kí o fetí sí dáadáa.

Ṣé o rántí pé mi ò gbé ọ̀bẹ jáde nílé láìwé e mọ́ épúrọ́ọ̀nù, kí irin ìpọ́nbẹ àti ìkọ́ ẹran sì wà pẹ̀lú rẹ̀? O máa ń bi mí pé kí ló dé tí mo ń ru gbogbo rẹ̀ lọ ru gbogbo rẹ̀ bọ̀. Bí wọ́n ṣe kọ́ wa nìyẹn. Nígbà àwọn sójà, mo ń lọ sọ́jà ní ìdájí, àwọn kan nínú wọn dá èmi àti àwọn mìíràn dúró lójú ọ̀nà. Èyí tó jẹ́ olórí wọn tan tọ́ọ̀ṣì sí mi lójú. "Mama, wetin dey inside bag?" Ó fọwọ́ kan ọ̀bẹ, ó fò sẹ́yìn. "Knife! Who you wan kill?" Mo kàn tú épúrọ́ọ̀nù sílẹ̀ níwájú rẹ̀, òórùn ṣàkì ọjọ́ kejì sì lù ú nímú. Ó fi ọwọ́ bo imú. "Abeg, carry your load dey go!" Òórùn tí ẹ̀yin ọmọ mi máa ń sá fún ló gbà mí lọ́jọ́ náà.

Ṣùgbọ́n ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà níbẹ̀. Ọ̀bẹ àpò kékeré ni wọ́n bá lára tiẹ̀, kò tó ìdajì tèmi. Ó wà lóun nìkan nínú àpò rẹ̀, kò sí irinṣẹ́ mìíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n ti fi í jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń bẹ̀bẹ̀: "Ẹ̀gbọ́n, ọsàn ni mo fi ń bó. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ọsàn ni mo fi ń bó." Wọ́n ní kí n máa lọ, mo sì lọ. Títí di òní, mi ò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ já sí. Bí mo bá ń bó ọsàn, ojú rẹ̀ máa ń wá sọ́kàn mi.

Àwọn sójà ti lọ, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọkùnrin tó ń ṣọ́ àdúgbò báyìí náà ń tú àpò ènìyàn wò, ọwọ́ wọn sì máa ń ṣáájú etí wọn. Ariwo "olè" kì í dúró gbọ́ àlàyé. Nítorí náà, ní ọjọ́ tí o bá kọ́kọ́ mú ọ̀bẹ náà lọ síbi iṣẹ́, fi han ọ̀gá rẹ, fi han àwọn tó ń ṣọ́ géètì, kí wọ́n mọ̀ ọ́n bí wọ́n ṣe mọ̀ ọ́. Kí ó máa wà lápò rẹ láti ìgbà tí o bá dé ibi iṣẹ́ títí di ìgbà tí o bá ń lọ. Bí ẹ bá ṣíwọ́, tì í mọ́ inú àpótí rẹ níbẹ̀. Bí ó bá di dandan pé kí o mú un jáde, fi sínú báàgì pẹ̀lú sẹ́lótéèpù, bírò ńlá tí ẹ fi ń kọ̀wé sára páálí, àti káàdì iṣẹ́ rẹ. Kí gbogbo wọn jọ wà pa pọ̀, kí wọ́n lè jẹ́rìí síra wọn.

Bàbá rẹ jí, wọ́n wo bí ìwé ti pọ̀ tó, wọ́n ní ṣé mo ń kọ ìwé òfin ìlú ni. Mo ṣí ojú ewé mìíràn.

Ó kù sí èyí tó ń jẹ mí lọ́kàn gan-an. Bí ó bá jẹ́ nítorí ọ̀nà ni ńkọ́?

Mojí, èmi náà ra ọ̀bẹ nítorí ọ̀nà rí. Mi ò tíì bí ọ. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbé ṣàkì kiri láti Oko Ọba wọ inú Agége. Ọ̀nà kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin tó yá ju títì lọ, ṣùgbọ́n kò sí obìnrin tó ń gbà á lóun nìkan bí oòrùn bá ti ń wọ̀. Èmi náà kì í gbà á. Títì ni mo máa ń bá àwọn yòókù gbà, a ó máa tàkúrọ̀sọ, ẹsẹ̀ á máa dùn wá. Bí mo ṣe ra ọ̀bẹ àpò, tí mo fi há ìdí ìró, ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo àwọn ẹlẹgbẹ́ mi bí ojo. Lọ́jọ́ kan tí òjò ṣú, mo ní kí wọ́n máa lọ, èmi yóò gba ojú irin. Kí ni mo ń bẹ̀rù? Mo ní ọ̀bẹ.

Àwọn ọkùnrin méjì jáde láti ẹ̀yìn igbó. Mo fa ọ̀bẹ yọ. Irú èyí tí wọ́n ń fi èékánná ṣí ni. Ọ̀rá ṣàkì wà lọ́wọ́ mi, ó ń yọ̀. Mo fà á, kò ṣí. Mo tún fà á, kò ṣí. Ọ̀kan nínú wọn bú sẹ́rìn-ín, ó na ọwọ́ sí mi bí ẹni fẹ́ ran ọmọdé lọ́wọ́. Ó ní, "Ìyàwó, mú un wá, jẹ́ kí n bá ọ ṣí i."

Àbẹ̀kẹ́, mo da gbogbo báàfù ṣàkì tí mo rù lé e lórí, mo sì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Mi ò mọ ibi tí bàtà mi bọ́ sí, mi ò mọ ibi tí ọ̀bẹ bọ́ sí. Ariwo tí mo fi wọ àdúgbò kó gbogbo ènìyàn jáde. Nígbà tí ọkàn wọn balẹ̀, wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín títí, wọ́n sì sọ mí ní Ìyá Ọlọ́bẹ. Inú orúkọ yẹn lo ti dàgbà.

Wọ́n rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n mo ti ro ọ̀rọ̀ náà títí. Ọ̀bẹ yẹn kò gbèjà mi rárá, òun ló mú mi gba ibi tí ǹ bá má gbà. Kí á tilẹ̀ sọ pé ó ṣí, ọkùnrin méjì ni wọ́n, wọn ì bá gbà á lọ́wọ́ mi, ọ̀bẹ tí mo fowó mi rà ni wọn ì bá sì fi ṣe mí. Àwọn àgbà ní ọ̀bẹ ń wó ilé ara rẹ̀, ó ní òun ń ba àkọ̀ jẹ́. Báàfù àti ẹsẹ̀ mi ló gbà mí. Akin tó mọ ìjà tí kò mọ ìsá, òun ló ń bógun lọ.

Nítorí náà, bí ó bá jẹ́ pé ọ̀nà ló ń bà ọ́ lẹ́rù, má ra ọ̀bẹ kankan. Kì í ṣe èyí tó ní lọ́ọ̀kì, kì í ṣe èyí tó fúyẹ́. Gbàgbé gbogbo ohun tí mo kọ sókè. Dúró de àwọn obìnrin ilé iṣẹ́ rẹ kí ẹ jọ jáde. Gba ibi tó ní iná àti ènìyàn, bó tilẹ̀ jìn. Sọ fún ìyàwó onílé rẹ pé kí ó máa retí rẹ. Bí ẹnì kan bá sì ń dúró dè ọ́ lójú ọ̀nà, tàbí tó ń tẹ̀lé ọ, má fi pa mọ́ fún mi nítorí pé o ti di àgbà obìnrin tó ń gbowó oṣù. Ẹ̀rù kì í ṣe ìtìjú, ọmọ mi. Ẹ̀rù ń ba èmi náà bí mo ti ń kọ èyí.

Mo ti pinnu ohun tí màá ṣe. Bí ó bá jẹ́ ọ̀nà ni, màá wá. Màá gbé ọ̀dọ̀ rẹ ní Ọgbà títí ọ̀nà yóò fi mọ́ ọ lára tàbí tí a ó fi rí yàrá sí tòsí ibi iṣẹ́. Màá máa wá pàdé rẹ níbi tí bọ́ọ̀sì ń já ọ sí ní ìrọ̀lẹ́. Mi ò kọ́kọ́ mọ bí màá ṣe sọ ọ́ fún ìyá àgbà, nítorí tiwọn la ṣe wálé. Nígbà tí mo sọ ọ́ láàárọ̀ yìí, wọ́n ń jẹ ẹ̀kọ lọ, wọn ò tilẹ̀ gbójú sókè. Wọ́n ní, "Máa lọ. Ṣé èmi ni mo ń rìn ní Èkó ní ìrọ̀lẹ́?"

Bàbá rẹ tó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ láti ọjọ́ yìí ńkọ́? Lánàá, mo wọ yàrá, mo rí i pé wọ́n ti gbé báàgì mi sọ̀kalẹ̀ láti orí kọ́bọ́ọ̀dù, wọ́n ti nu eruku ara rẹ̀. Mo bi wọ́n pé kí nìyí. Wọ́n na ìka tí kì í ká yẹn sí ọ̀nà Èkó, wọ́n ní, "Ṣebí o máa ń sọ pé ìka yìí kò wúlò." Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹkún ló gbọ̀n mí.

Mojí, mi ò fẹ́ èsì gígùn. Kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún Adéwálé kó mú wá fún mi: "páálí" tàbí "ọ̀nà." Bí o bá kọ páálí, màá tú ẹrù mi, màá sì máa gbàdúrà fún ìka rẹ. Bí o bá kọ ọ̀nà, ọkọ̀ iṣu tó bá tún ń lọ ni màá bá wá.

Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ ọ́, má kọ páálí torí kí n lè rí oorun sùn. Báàgì náà wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo ti dì í.

Èmi ni,
Ìyá rẹ tí ojú rẹ̀ wà lọ́nà.